Àyẹ̀wò Tailscale àti restic: bí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà arìnrìn-àjò ṣe lè délé ṣáájú ẹni tó ni ín

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé kiri, yálà oníròyìn ni, tàbí ayàwòrán, tàbí ẹni tó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún ìwádìí bíi tèmi, mọ̀ pé bí olè bá gbé báàgì lọ ní gáréèjì, owó kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa ń dunni jù. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà. Ẹkún ìyàwó tí màmá àgbàlagbà kan fi odidi wákàtí sun ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, tí a kò sì mọ ẹlòmíràn tó tún lè sun ún bẹ́ẹ̀, kò ṣeé rà lọ́jà kankan. Hard disk tí a kó ẹ̀dà sí, tó sì wà nínú báàgì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, yóò bá olè náà lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi wá ọ̀nà tí ohun tí mo bá gbà sílẹ̀ lójúmọmọ yóò fi wà nílé mi ní Ìbàdàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, láìjẹ́ pé mo ń san owó dọ́là lóṣooṣù fún àyè ìpamọ́ lókè òkun. Sọ́fítíwíà méjì ni mo ń lò fún un, àwọn ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níbí: Tailscale, tó ń so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ server ilé (kọ̀ǹpútà tó ń wà ní títàn nílé láti máa gba ohun pamọ́) nípasẹ̀ VPN, ìyẹn ọ̀nà àdáni tó gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, àti restic, tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gan-an. Ọ̀fẹ́ ni restic. Tailscale náà ní ìpele ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, ìpele yìí sì tó irú iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa.

N kò fi bí wọ́n ṣe yára tó díwọ̀n wọn. Lẹ́nu ìrìn-àjò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò já, iná ọba yóò lọ, a ó sì pa kọ̀ǹpútà dé nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Ohun tí mo ń béèrè ni pé bí ìsopọ̀ bá já lágbedeméjì, ṣé ohun tó ti délé yóò wà níbẹ̀, ṣé iṣẹ́ yóò sì tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ? Lórí èyí, àwọn méjèèjì yege ju ohun yòówù tí mo ti lò rí lọ.

Server ilé náà kò ní láti jẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Raspberry Pi 4 ni tèmi, irú èyí tó jáde ní ọdún 2019, tó ní ojú USB 3.0 méjì àti ojú Ethernet tó yára. Volt 5.1 àti amp 3 ni ṣájà tí wọ́n ṣe fún un ń gbé jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo iná tó lè fà kò ju nǹkan bíi watt 15 lọ, inverter kékeré sì lè gbé e di òwúrọ̀. Kìkì ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún ni hard disk: amp 1.2 péré ni ojú USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Pi náà lè pín láàárín ara wọn, nítorí náà hard disk tó ní ṣájà tirẹ̀ ló dára jù. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, Pi yóò tan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe server gbọ́dọ̀ wọ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń tan kọ̀ǹpútà, kí ó sọ fún un pé kí ó máa tan nígbàkigbà tí iná bá dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wà ní pípa títí onílé yóò fi dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń já wa kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó kọ ìmọ̀ràn wọ̀nyẹn gbà pé router ilé ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ tí èèyàn lè kàn sí láti ìta. Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, SIM ló wà nínú router, tàbí kí ó jẹ́ Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àwọn méjèèjì sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, ètò tí wọ́n ń pè ní CGNAT, ẹni tó wà níta kò sì lè dé ọ̀dọ̀ server tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí onílé ṣí port (ẹnu ọ̀nà ìwọlé) tó lórí router rẹ̀. WireGuard, tí Jason Donenfeld ṣe, tó sì wọ inú Linux 5.6 ní oṣù kẹta ọdún 2020, jẹ́ VPN tó yára tí kóòdù rẹ̀ kò sì pọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí ó kéré tán ẹ̀rọ kan nínú méjèèjì ṣeé kàn sí láti ìta. Bí ilé bá wà lẹ́yìn CGNAT, tí òtẹ́ẹ̀lì tí a wọ̀ sí náà sì wà lẹ́yìn tirẹ̀, àfi kí a háyà server kékeré kan síbìkan láti máa ṣe alárinà.

WireGuard yìí kan náà ni Tailscale fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ alárinà náà ṣe. Server ilé àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, oníkálùkù wọn á jáde láti inú wá, á lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Tailscale, á sì gba kọ́kọ́rọ́ gbangba ẹnì kejì àti ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì á máa ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí router kọ̀ọ̀kan lè rò pé èsì ohun tí òun rán jáde ló ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí máa ń ṣiṣẹ́, ìsopọ̀ á sì jẹ́ tààrà. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, bíi nínú Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì tó dí UDP pa, ìyẹn irú ìfìránṣẹ́ tí WireGuard ń lò, Tailscale á gba inú àwọn server agbéniránṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DERP, nípa HTTPS, ọ̀nà kan náà tí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà, èyí tó ṣòro fún òtẹ́ẹ̀lì láti dí. Inú kọ̀ǹpútà ẹni ni ọ̀rọ̀ ti di àdììtú, server ilé nìkan ló sì lè tú u, nítorí náà DERP ń gbé ohun tí kò lè kà ni.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀ náà. Bí ẹ bá tẹ “tailscale ping” pẹ̀lú orúkọ server yín, èsì tó ní “via DERP” nínú fi hàn pé ọ̀rọ̀ ń yí gba ìlú mìíràn kí ó tó délé, ó sì lè jẹ́ Johannesburg tàbí Yúróòpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣakí ni ẹ wà, tí Ìbàdàn kò sì jìnnà. Èsì tó ní àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà port fi hàn pé ìsopọ̀ ti di tààrà. Mo máa ń wo èyí kí n tó rán ohun ńlá, nítorí pé DERP máa ń lọ́ra, wọn kò sì ṣe é fún ẹrù wúwo. Ohun tó wù mí jù ni pé server náà ní àdírẹ́ẹ̀sì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, tí kì í yí padà. Nígbà tí mo bá sọdá sí Kétu ní ilẹ̀ Benin, tí mo yọ SIM Nàìjíríà tí mo sì fi ti ibẹ̀ sí i, n kì í yí ohunkóhun padà nínú ètò restic. Bí mo bá ń lo Wi-Fi, tó sì kú lójijì, tí mo bọ́ sórí fóònù, ìsopọ̀ náà á tún ara rẹ̀ ṣe.

Tailscale ní àléébù tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà ni apá tó ń pín kọ́kọ́rọ́ wà, kóòdù apá yẹn kò sì sí ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòdù ìpìlẹ̀ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ wa wà ní gbangba. Àkáǹtì Google, Microsoft tàbí irú rẹ̀ ni a sì fi ń wọlé, nítorí náà ẹni tó bá gba àkáǹtì yẹn mọ́ wa lọ́wọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Ẹ fi ààbò ìpele méjì sí i, kí ẹ má sì fi ọ̀la dá a. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè lo Headscale, tí àwọn mìíràn kọ láti rọ́pò apá tó pamọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Headscale pẹ̀lú ń fẹ́ server tó ṣeé kàn sí láti ìta, a sì ti padà sí ibi tí a ti ń bọ̀ nìyẹn. Ní tèmi, mo gbà láti gbára lé wọn fún ọ̀nà, nítorí pé restic ti fi àdììtú tirẹ̀ bo ohun tó ń kọjá.

Ohun kékeré kan wà tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: bí a kò bá yí ètò padà, ọjọ́ 180 ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń lò kí ó tó kú, tí a ó sì tún wọlé. Bí ti server bá kú nígbà tí ẹ wà lẹ́yìn odi, kò sí bí ẹ ó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi kí ẹnìkan nílé jókòó tì í. Ojúewé àkóso Tailscale ní ibi tí a ti lè pa ìparí kọ́kọ́rọ́ yìí fún server nìkan, ẹ ṣe é kí ẹ tó di ẹrù yín.

Ó wá kan restic, èyí tí mo kà sí ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì. Alexander Neumann ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èdè Go ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti macOS. Kì í gbé fáìlì ní odindi. Ó máa ń gé e sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárín KiB 512 sí MiB 8, ohun tó wà nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu ibi tí yóò ti gé e. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Ká ní mo gba ohùn wákàtí kan sílẹ̀, tó ti délé lánàá, tí mo wá gé ibi tí màmá ti ń wúkọ́ níbẹ̀rẹ̀ kúrò lónìí. Ètò tó ń wo orúkọ àti ọjọ́ fáìlì nìkan yóò tún gbogbo rẹ̀ rán, ṣùgbọ́n restic yóò rí i pé àwọn ègé tó kù ṣì bá èyí tó wà nílé mu, ìwọ̀nba tó yí padà níbẹ̀rẹ̀ nìkan ni yóò sì rán. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni mo gbé ohùn náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nǹkan yàtọ̀, torí nọ́ńbà inú fáìlì ti yí padà jálẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì di tuntun lójú restic. Nítorí náà, mo máa ń fi iṣẹ́ àtúnṣe ohùn sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá délé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, kí ẹni tó ń ra dátà mọ ohun tó ń dáwọ́ lé. Ohùn WAV tí a gbà ní bit 24 àti kHz 48, lápá méjì, ń gba nǹkan bí GB 1 ní wákàtí kan. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè gbé megabit 3 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó gbà ju ìṣẹ́jú 45 lọ kí ó tó délé. Èyí ṣeé fara dà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni kò ṣeé fara dà: GB 100 lórí megabit 10 gba nǹkan bíi wákàtí 22, ìyẹn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá já rárá. Nílé ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, pẹ̀lú wáyà láàárín kọ̀ǹpútà àti router, kí ó lè jẹ́ pé ohun tuntun nìkan ni ẹ ó máa rán láti ojú ọ̀nà. Láti ẹ̀dà 0.14 tó jáde ní ọdún 2022 ni restic ti ń fún fáìlì pọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó dára fún ìwé àti tábìlì, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ran ohùn àti àwòrán lọ́wọ́.

Bí ìsopọ̀ bá já ńkọ́? Restic ń kó àwọn ègé náà jọ sínú àpò kéékèèké, ó sì ń rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ nílé láàárín iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ti délé wà níbẹ̀, tí a bá sì tún pàṣẹ kan náà, restic yóò yẹ àwọn fáìlì wò, yóò mọ èyí tó ti lọ, yóò sì rán èyí tó kù. Ṣùgbọ́n kò ní kọ orúkọ snapshot, ìyẹn àkọsílẹ̀ odindi ẹ̀dà kan, sílẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí. Mo fẹ́ràn òdodo yìí gan-an, torí pé bí mo bá tẹ “restic snapshots” láàárọ̀, tí n kò rí ọjọ́ àná nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé iṣẹ́ àná kò parí, kò sí ohun tó ń tàn mí. Iṣẹ́ tó já lójijì máa ń fi àgádágodo sílẹ̀, ìyẹn àmì pé ẹnìkan ṣì ń lo ibi ìpamọ́ náà. Kò ní dí ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè dí gbígbá ẹ̀dà àtijọ́ dànù, “restic unlock” ló sì ń mú un kúrò.

Ọ̀nà méjì ni restic lè gbà bá server ilé sọ̀rọ̀ nínú ètò yìí. SFTP, tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ nípasẹ̀ SSH, rọrùn, nítorí pé SSH, ètò tí a fi ń wọ server láti ọ̀nà jíjìn, ti wà lórí server tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìsopọ̀ SSH bá já, gbogbo iṣẹ́ náà kú nìyẹn, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Rest-server, sọ́fítíwíà kékeré tí àwọn tó ń ṣe restic fúnra wọn kọ, ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi sórí server. Ó yára ju SFTP lọ lórí ọ̀nà tó lọ́ra, ìbéèrè tó bá kùnà ni restic yóò sì tún gbìyànjú láìdá iṣẹ́ dúró. Ó tún ní ètò kan, “--append-only”, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà alágbèéká lè fi kún ohun tó wà nílé ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá jí kọ̀ǹpútà náà, tàbí kòkòrò tó bá wọ inú rẹ̀, kò lè tọ ìsopọ̀ náà délé lọ ba ẹ̀dà jẹ́. Orí server fúnra rẹ̀ ni a ó ti máa gbá ẹ̀dà àtijọ́ dànù nígbà tí a bá padà délé. Lójú tèmi, ẹni tó ń rìnrìn-àjò tí kò lo ètò yìí fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀rọ̀ aṣínà restic kì í ṣe ohun eré. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣí i, títí kan àwọn tó kọ ọ́. “restic key add” ń fúnni láyè láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà kejì sí i, kí a kọ ọ́ sórí bébà, kí ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí a fọkàn tán. Àléébù tó ku fún restic ni pé àṣẹ tí a ń tẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ ìgbà tí dátà tí a fowó rà ló ń jẹ, àfi kí a fi “--limit-upload” dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, kí ó má baà dá ìpè fídíò dúró, tàbí kí a dá a dúró pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó ṣeé fi máòsì tẹ̀ lè fi Backrest bò ó, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń fi restic ṣiṣẹ́ láti inú browser.

Àwọn kan máa ń sọ pé Syncthing ti tó. Ohun èlò rere ni, ṣùgbọ́n ṣe ló ń mú ibi méjì bára mu, ohun tí a bá sì ṣèèṣì pa rẹ́ lójú ọ̀nà yóò pa rẹ́ nílé pẹ̀lú bí a kò bá ṣètò rẹ̀ lọ́nà mìíràn. BorgBackup súnmọ́ restic púpọ̀, kò kàn bá Windows mu lọ́nà tó rọrùn ni.

Gbígba nǹkan padà ni ibi tí mo ti fún restic ní máàkì tó ga jù. Lórí Linux àti macOS, “restic mount” ń sọ gbogbo ohun tó wà nílé di fódà tí a lè ṣí bí a ti ń ṣí fódà mìíràn, tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní fódà tirẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lára rẹ̀. Mo lè jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ṣakí, kí n wọ fódà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n mú ohùn kan ṣoṣo níbẹ̀, láìgba gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi. Àwọn tó ń lo Windows kò ní mount yìí, “restic restore” ni wọn yóò máa lò, wọ́n sì lè fi “--include” dárúkọ fáìlì tí wọ́n fẹ́. Kí ẹ tó fọkàn balẹ̀, ẹ gba fáìlì kan padà, kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ sì máa fi “restic check --read-data-subset=10%” yẹ apá kan ohun tó wà lórí hard disk wò láti orí server, nítorí pé hard disk lè máa kú díẹ̀díẹ̀ láìfọhùn.

Ilé kan ṣoṣo kò tó. Omíyalé àti iná kì í béèrè bóyá ẹ̀dà mìíràn wà níbòmíràn. Ẹni tó bá ní ẹbí tó ń gbé lókè òkun, bí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà, lè fi Pi mìíràn àti hard disk ránṣẹ́ sí wọn, kí ó fi í sínú Tailscale kan náà, kí server Ìbàdàn sì máa fi “restic copy” kó ohun tuntun lọ síbẹ̀ lóru. Ẹni tó bá gbà wá lálejò níbẹ̀ kò lè ka ohunkóhun nínú rẹ̀, wáyà iná àti ti router nìkan ni a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọ. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí ibi ìpamọ́ kejì yẹn, ẹ fi “--copy-chunker-params” sí “restic init”, kí àwọn méjèèjì lè máa gé fáìlì lọ́nà kan náà, torí bí wọ́n bá gé e lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fáìlì tó bá tún gba orí kọ̀ǹpútà mìíràn wọ Lọ́ńdọ̀nù tààrà yóò gba àyè lẹ́ẹ̀mejì lórí hard disk ibẹ̀.